Ọkọ Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà: Bí Mo Ṣe Fẹ̀yìn Tì Lẹ́nu Iṣẹ́ Iná

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́bí. Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má bèèrè ọjọ́ orí mi. Irùngbọ̀n mi ò tíì kún, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń fẹ̀yìn tì? Àwọn kan á ṣiṣẹ́ títí eyín á fi ká tán lẹ́nu wọn kí wọ́n tó lọ sinmi. Èmi tètè ṣe tèmi. Kò sẹ́ni tó fún mi ní aago ògiri, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìdágbére. Fèrèsé ẹ̀yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù ni mo bá jáde, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi sì ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Sàkírù ni bàbá mi sọ mí. Wọ́n pa àgbò, Alfa sì pe orúkọ náà sí mi létí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi àgbò ṣòfò, torí láti Àpòmù títí dé Ìkirè, Ṣọ́ọ̀kì ni gbogbo ayé ń pè mí. Bí mo ṣe jẹ orúkọ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìmọ̀ràn nínú ẹ̀, kó mú un. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó má rín in lójú mi.

Bí mo ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gùn. Bàbá mi gbin kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu, wọ́n fi kọ́ ilé kan sí Àpòmù, wọ́n sì kú kí òpó iná tó dé àdúgbò wa. Nígbà tí òpó dé, gbogbo aládùúgbò sáré pe oníwáyà. Màámi ní àwọn ò pe ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi ló máa fa wáyà sílé bàbá ẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní mọ́sálásí, wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó wá ta kẹrosíìnì fún wa, èyí tí kò yẹ kí wọ́n sọ fún un rárá. Wọn ò bi ọmọ náà. Ọmọ náà ń sùn. Kí n tó jí, wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí iná bá tàn lójúlé gbogbo, ilé wa nìkan ló dúdú láàrin wọn bí àlàfo eyín. Òkùnkùn yẹn ni wọ́n gbé lé mi lórí. Ẹ máa wí pé mo lè sọ fún Màámi pé iṣẹ́ télọ̀ ló wù mí. Ẹ lọ bá mi sọ fún wọn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí bàtà mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ girama tó wà lódìkejì títì máa ń pè wá ní olórí líle. Wọ́n ní ẹni tí orí ẹ̀ ò bá gba ìwé ni wọ́n ń gbé òòlù fún. A ní ẹ̀rọ ńlá kan ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù àwọn onírin tí adìyẹ yé sí, tó sàba lé, tó sì pa á. Kò sẹ́ni tó lé e, torí nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, adìyẹ yẹn nìkan ló ń ṣe nǹkan jáde. Wáyà tí wọ́n fi ń kọ́ wa ò pọ̀, koríko ló pọ̀. O pẹ́, lọ gé koríko. O sùn ní kíláàsì, koríko. O rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, koríko. Bí wọ́n bá ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lórí koríko, dókítà ni ẹ̀ bá máa pè mí báyìí.

Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ iná, Ọ̀gá Àjàní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Èèyàn gígùn tín-ínrín, tí wọ́n fi okùn so awò ojú wọn mọ́ ọrùn. Wọ́n le! Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ èèwọ̀ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù wọn: "mo rò pé." Bí o bá ní "Sà, mo rò pé iná ò sí níbẹ̀," wọ́n á dúró, wọ́n á yọ awò ojú, wọ́n á ní:

"O rò pé? Gbogbo àwọn tó rò pé wà ní itẹ́ òkú. Àwọn tó bèèrè ló ń sin wọ́n."

Ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ bi wáyà léèrè kí o tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní gílóòbù àtijọ́ kan tó so mọ́ wáyà méjì, wọ́n sọ ọ́ ní Olùbéèrè. O máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kan ibi tí o fẹ́ bi, o máa fi èkejì kan wáyà tó wọ ilẹ̀. Bó bá tàn, iná wà níbẹ̀, yáa sá. Bí kò bá tàn, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Àpò ofaróòlù wọn ni Olùbéèrè ń gbé. Mo lérò pé wọ́n ń bá a sùn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni náà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́. Ọ̀gá Àjàní ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ní láìfù, kí wọ́n máa ní niútírà. Wọ́n ní orúkọ tí kò bá ní ìtumọ̀ lẹ́nu èèyàn ló máa ń pa èèyàn. Lójú tiwọn, tọkọtìyàwó ló wà nínú wáyà ilé. Wáyà gbígbóná tí iná ń bá wọlé, òun ni ọkọ. Wáyà tútù tí iná ń bá padà, òun ni ìyàwó. Ẹ̀kẹta tó wọ ilẹ̀ lọ, òun ni ìyá ọkọ, torí ìjà kíjà tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Súwíìṣì ni ẹnu ọ̀nà. Òfin wọn sì ni pé: ọkọ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbọ́ mi," Ọ̀gá á ní. "Bó bá jẹ́ ọkọ ló gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tí o bá pa súwíìṣì, o ti ti ọkọ mọ́ta. Ilé á tòrò. Bó bá jẹ́ ìyàwó lo fi síbẹ̀, o lè pa súwíìṣì, gílóòbù á kú, o máa rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọkọ wà nínú ilé, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́."

Ẹ̀kọ́ yẹn dùn. Àbùkù kan ló ní: èmi ò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo pẹ́ dé, mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mò ń gé koríko. Ohun tí ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ nítòsí bá jẹ́ kí n gbọ́ ni mò ń gbọ́. Mo gbọ́ pé pupa gbóná, dúdú tutù. Mo gbọ́ pé tọkọtìyàwó ni wọ́n. Mo gbọ́ pé ọkọ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Èwo ni ọkọ nínú pupa àti dúdú, ewúrẹ́ ké "mẹ̀ẹ́ẹ̀" lé e lórí.

Mo lè bi Bàṣírá. Bàṣírá nìkan ni obìnrin ní ẹ̀ka iná, ọmọ Ìkirè, orí ẹ̀ sì pé ju tiwa lápapọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá bi Bàṣírá ní ìbéèrè, á dáhùn, á sì tún fi ẹ́ ṣẹ̀sín di ọjọ́ Fúráídè. Mo bá ní kí n fi làákàyè ara mi ṣe é. Ẹ wo orí tó fẹ́ lo làákàyè.

Mo ní: pupa gbóná. Nílé wa, ta ló gbóná? Màámi ni. Bí Màámi bá ń bá ẹnìkan jà lọ́jà Àpòmù, àwọn tó ń tajà lọ́nà jíjìn á kó igbá wọn kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá mi ńkọ́? Bàbá mi tutù tó fi jẹ́ pé èèyàn lè wọ yàrá, kó jókòó, kó jẹun tán, kó tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Màámi á sọ̀rọ̀ láti ìrun Àsùbá dé oúnjẹ àárọ̀, bàbá mi á dáhùn pé "Hẹn." Nítorí náà, pupa ni ìyàwó, dúdú ni ọkọ. Ìṣirò ọ̀hún gún régé. Mo tún gbóríyìn fún ara mi.

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó tètè rí i? Torí a kì í fọwọ́ kan wáyà ni! Orí bọ́ọ̀dù la ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni Ọ̀gá fi ń ya ilé, ọkọ funfun, ìyàwó funfun, ìyá ọkọ funfun. Bó bá ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá, o gba máàkì. Ìgbà tí a bá rí wáyà gidi, gbogbo kíláàsì ló máa rọ̀gbà yí gílóòbù kan ká, Bàṣírá á sì ti so ó kí èmi tó rí àyè ti orí bọ̀ ọ́.

Irinṣẹ́ tuntun sì wà o! Ìjọba gbé páálí kan wá, ẹ̀rọ tó ń ka iná, tí nọ́ńbà ń yọ lójú ẹ̀ bí ti fóònù. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u kó má baà bàjẹ́ kí àwọn àlejò tó dé. A ń kọjá lára kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lójoojúmọ́, à ń kí i bí ẹni ń kí ibojì.

Àwọn àlejò tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń wá yẹ ẹ̀ka iná wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, a máa ṣèdánwò àṣejáde. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìdánwò fún wa lọ́dún yẹn, ká má tíì wá sọ ti ilé Màámi. Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́lé, ẹ̀ bá wá wo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n kun òkúta etí ọ̀nà ní funfun. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n lé adìyẹ kúrò nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo mọ̀lẹ́bí ẹ̀.

Ọ̀gá Àjàní ní Bàṣírá ló máa so bọ́ọ̀dù tí àwọn àlejò máa wò, gílóòbù kan, súwíìṣì kan. Ọ̀gá àgbà ní rárá. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ni obìnrin, òun ló yẹ kó gbé òdòdó fún àlejò.

"Sà, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù," Ọ̀gá Àjàní wí.

"Ṣé kí ọkùnrin wá máa gbé òdòdó?" Ọ̀gá àgbà bi wọ́n. Wọ́n sì wo wọ́kíṣọ́ọ̀bù yíká. "Ẹ fún ẹni yìí. Ó ga, aṣọ ẹ̀ mọ́."

Èmi ni. Mo ga, aṣọ mi mọ́. Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nílẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn.

Kò tán síbẹ̀ o. Ọ̀gá àgbà tún rí Olùbéèrè lápò Ọ̀gá Àjàní, wọ́n ní kí ni gílóòbù olóòórùn yẹn, ṣé kí àlejò wí pé a ò ní irinṣẹ́ ni? Wọ́n gbà á, wọ́n fi sábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì.

Àwọn àlejò dé. Alhája kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun ni olórí wọn. Bàṣírá gbé òdòdó, ojú ẹ̀ dà bíi pé ó fẹ́ fi na ẹnìkan. Ìyá ẹ̀ ló dín dòdò tí wọ́n tò sórí tábìlì fún ìpanu, nínú ewé, bí Ìkirè ṣe ń ṣe é. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mo tan súwíìṣì mi. Gílóòbù tàn! Ẹ̀yin èèyàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Alhája wò ó. "Kí ló dé tó ń ṣẹ́jú?"

Lóòótọ́, ó ń ṣẹ́jú.

"Irin inú hóódà tó gbé gílóòbù yẹn ló wọlé díẹ̀, mà," Ọ̀gá Àjàní dáhùn. "Ìka lásán la máa fi gbé e sókè. Sàkírù, pa á."

Mo pa á. Gílóòbù kú. Ọ̀gá yọ ọ́ kúrò, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò. Àpò ṣófo. Wọ́n yíjú sí ẹ̀rọ tuntun tó jókòó sórí tábìlì nínú ọ̀rá ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra bátìrì sí i láti ọjọ́ tó ti dé! Ọ̀gá Àjàní wo Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gá àgbà wo àjà. Alhája ń dúró.

Ọ̀gá wá yíjú sí mi. Nígbà tí kò sí gílóòbù tí wọ́n máa bi, èmi ni wọ́n bi.

"Sàkírù, ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?"

"Ọkọ ni, sà!" Mo ké e bí ọmọ ogun. Ó sì dá mi lójú bí orúkọ bàbá mi.

Ọ̀gá ki ìka bọ̀ ọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò tíì rí àgbàlagbà tó fò bẹ́ẹ̀ rí. "Yéè!" ni wọ́n ní, wọ́n fẹ̀yìn gba tábìlì ìpanu, tábìlì gbéra, dòdò Ìkirè tó dúdú mìnìjọ̀ pẹ̀lú epo ẹ̀ sì lọ bá ìbọ̀sẹ̀ funfun. Bàṣírá ju òdòdó nù, ó sáré pa jẹnẹrétọ̀, ó padà wá wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù mi.

"Yé! Ó ti gbé ìyàwó sẹ́nu ọ̀nà!"

Ọ̀gá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, awò ojú wọn ti lọ sẹ́yìn ọrùn. Wọ́n mí. Wọ́n tún mí. Gbogbo ilé tẹ̀ síwájú kí á lè gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí.

"Sàkírù. Àwọ̀ wo ni ọkọ?"

"Dúdú, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn, sà."

Fèrèsé ló kàn. Ẹ ti mọ ti bàtà.

Àwọn àlejò ò fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka iná ò ṣèdánwò lọ́dún yẹn, gbogbo kíláàsì ló sì mọ ẹni tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ iná, ṣọ́ọ̀kì iná ni mo fi san án fún ọ̀gá mi, Ṣọ́ọ̀kì ni mo sì ń jẹ́ títí di ìsinsìnyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò lé mi o. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Bí wọ́n bá lé mi, mo máa ráyè bínú. Ọ̀gá rán Bàṣírá sí mi pé kí n padà wá.

"Wọ́n ní kí o wá tún ọdún yẹn ṣe," Bàṣírá wí lẹ́nu ọ̀nà wa. "Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbé ife tíì."

"Sọ fún wọn pé mo ti fẹ̀yìn tì."

"Ìwọ? Lẹ́nu iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ koríko?"

Ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn àlejò fọwọ́ sí i, ó ṣèdánwò, ó sì ń so sólà ní Gbọ̀ngán báyìí. Sólà layé ń lò, wọ́n ní. Èmi ń lo ẹsẹ̀ mi.

Mo gun ọ̀kadà. Èrò á jókòó, á ní, "Ṣọ́ọ̀kì, ṣé bíréèkì ẹ ò ní gbé wa?" Mo ru àpò lọ́nà Asejire. Mo ṣe kọndọ, mò ń ké "Gbọ̀ngán! Gbọ̀ngán!" lórí mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn. Kò síbi tí mo dé tí wọn ò bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa padà síléèwé?" Ẹni tí ò mọ orúkọ mi á bi mí. Ẹni tó ń sanwó ẹja lọ́wọ́ á dá ẹja dúró, á bi mí. Ṣé kò sí ohun mìíràn láyé yìí tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni?

Màámi nìkan ni kì í bi mí. Wọ́n ra àtùpà tó ń gba ṣáàjì, wọ́n ń gbé e lọ gba iná lójúlé kejì láràárọ̀, bí ẹni ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Díẹ̀ ló kù kí n ya wèrè.

"Màámi, ẹ pe ẹlòmíràn kó fa wáyà yìí!"

"Ẹlòmíràn ni mo bí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́."

"Màá dúró."

"Títí dìgbà wo?"

"Ṣé ilé ẹ ló ṣókùnkùn ni, àbí ilé mi?" Wọ́n á sì máa bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn lọ.

Ọjọ́ kan báyìí, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo ti Gbọ̀ngán dé, mo bá Ọ̀gá Àjàní lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa. Màámi ló lọ bá wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n gbé wọn sẹ́yìn ọ̀kadà wá. Róòlù wáyà pupa kan, dúdú kan àti ti ilẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá fèrèsé wà. Ojú títì ni mo wà.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ṣọ́ọ̀kì," Ọ̀gá wí.

Ọ̀gá náà!

Màámi ò jókòó. "Ọ̀gá, ẹ bá mi bi ọmọ yín. Ṣé inú òkùnkùn ló fẹ́ kí wọ́n ti wá gbé mi lọ sin ni?"

"Màmá Sàkírù, mo lè fa wáyà yìí fún yín kí oòrùn tó wọ̀," Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́.

"Rárá. Mi ò pè yín kí ẹ fà á. Mo pè yín kí ẹ jókòó tì í."

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni ewúrẹ́ aládùúgbò kan ti lọ ki ẹnu bọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Màámi. Màámi yíjú padà. Ẹ̀yin èèyàn, ìbínú tó bọ́ sí títì lọ́jọ́ yẹn, ewúrẹ́ sá, olówó ewúrẹ́ sá, ọlọ́kadà kan tí ò mọ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá Àjàní yọ awò ojú, wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

"Bàbá ẹ ńkọ́? Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

"'Hẹn' ni wọ́n máa ń wí, sà."

"Hẹn," Ọ̀gá wí. Wọ́n nu awò ojú náà fún ìgbà pípẹ́. "Mo ti wá mọ ibi tí o ti rí ìṣirò ẹ."

A bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ dé ọjọ́ tí a parí, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí mo bá gun àjà, wọ́n á ní, "Sọ̀kalẹ̀, kí lo gbàgbé?" Mo máa sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá so nǹkan, "Tú u." Kí ló bàjẹ́ nínú ẹ̀? "Kò bàjẹ́. Kò dán." Ọwọ́ mi bó. Eruku àjà bàbá mi wọ imú mi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ká mi mọ́ ibẹ̀, "Ṣọ́ọ̀kì, má pa ìyá ẹ o!" Bí mo bá ní kí n fi sílẹ̀, mo máa wo Màámi tí wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn wálé torí kí wọ́n lè máa wò mí. Wọn ò lọ sọ́jà mọ́. Gbogbo ẹnu tí wọ́n ti fi yangàn láti ọjọ́ tí òpó dé, orí àkàbà tí mo dúró lé ló wà.

Àwọn oníná ti so wá mọ́ òpó nígbà tí mo parí. Ká tó wá rí iná wò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìjókòó ni. Àdúgbò jókòó. Ọ̀gá jókòó. Lọ́sàn-án gangan, láìròtẹ́lẹ̀, igbe ta láti òpin títì: "Wọ́n ti mú un wá!"

"Tàn án," Ọ̀gá wí.

Mo tàn án. Ó tàn. Kò ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó pariwo, torí gbogbo wa ló mọ̀ pé gílóòbù mi àkọ́kọ́ náà tàn.

"Pa á. Yọ gílóòbù."

Mo pa á, mo yọ ọ́. Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú Olùbéèrè jáde, eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ẹ̀. Wọ́n nà án sí mi.

"Kọ́kọ́ bi ẹni tó wà láyé kí o tó bi òkú."

Mo fi kan ibi tí mo mọ̀ pé iná wà. Olùbéèrè tàn yòò. Mo gbé e lọ sínú hóódà, ẹsẹ̀ kan sí irin kìíní, ẹsẹ̀ kejì sí wáyà ilẹ̀. Kò tàn. Mo gbé e sí irin kejì. Kò tàn.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sẹ́nìkankan nínú ilé, sà."

Ọ̀gá dìde. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kan náà tí iná gbé lọ́jọ́sí.

"Ọ̀gá, ẹ dúró," Màámi wí. "Ẹni tó sebẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Mo ní Bísímílláì. Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan. Irin tútù lásán ni, bí "Hẹn" bàbá mi. Ọ̀gá ti ìka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ki tiwọn bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi síbẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń gba nǹkan ẹ̀ padà.

Màámi sún mọ́ súwíìṣì. Mi ò tíì bò ó, wáyà ṣì ń yọ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ọ̀gá, èyí wo ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?"

"Pupa ni, mà."

"Kí lẹ ń pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Ọ̀gá wò mí. Mo wo àjà.

"Ọkọ ni, mà."

"Ọkọ tèmi wà ní itẹ́ òkú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ síbẹ̀, ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí?"

Ọ̀gá yọ awò ojú. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ta wá ni pupa?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ọmọ mi ò ṣì í pè nígbà náà. Wáyà nìkan lẹ máa ń bi léèrè, Ọ̀gá. Ẹ ò bi ọmọ."

Mo dá gílóòbù padà. Màámi tàn án. Wọ́n pa á. Wọ́n tún un tàn, wọ́n jáde síta lọ wò ó láti ojú títì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá wò ó, lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń ràn.

Ọ̀gá Àjàní so awò ojú wọn mọ́ ọrùn. Wọn ò yìn mí. Wọn ò gba Olùbéèrè padà lọ́wọ́ mi.

"Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ," wọ́n wí. "Ẹnu ọ̀nà ni kí o gbà wọlé. Bàtà ẹ wà lọ́fíìsì mi."

Ìdí tí mo fi ń yára sọ ìtàn ìfẹ̀yìntì mi fún yín nìyí, ẹ̀yin ọmọ, kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀la ni Mọ́ńdè.